Ọ̀rọ̀ Tí Araba Kọ́ Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

"Araba, ta nìyẹn?"

Baaba, ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé, ló béèrè. Ó ti gbé fóònù rẹ̀ kúrò lójú, ó ń wo ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi lọ́ọ̀ọ́kán. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń fi ìka kan ṣoṣo yí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà. Bó bá ti ń yí lọ, á pàtẹ́wọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ara rẹ̀, á sì tún un yí.

"Ta ni ta ni?" Araba dáhùn, ó sì yíjú sí òkun.

"Ẹni gíga yẹn. Wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín sí irin!"

Jemima, ọ̀rẹ́ wọn kẹta, bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Ẹ jẹ́ kí n ya fọ́tò ẹ̀. Ẹ̀yin ará etí òkun yìí, wèrè tiyín gan-an tún yàtọ̀."

Araba bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, omi sì ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wọn.

Èmi Efuwa Mbroba ni mò ń sọ̀rọ̀. Àgbàlá kan náà ni èmi àti ìyá wọn ń gbé, ààrò kan náà la fi ń yan ẹja, èéfín kan náà ló ń ta wá lójú. Ìṣojú mi ni wọ́n bí Kwamena, ìṣojú mi náà ni wọ́n bí Araba tẹ̀ lé e. Bí ẹnu mi bá mú jù nínú ìtàn yìí, ẹ fi jì mí. Inú ń bí mi títí dòní.

Kwamena kì í ṣe wèrè. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ lójú mi, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa wọ̀yá ìjà. Kò tètè sọ̀rọ̀ ni. Nígbà tó sì máa sọ̀rọ̀, ohun tí èèyàn bá sọ sí i ló ń sọ padà. Bí o bá ní, "Kwamena, ṣé o ti jẹun?" á ní, "Ṣé o ti jẹun." Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ tó gbọ́ láàárọ̀ ló máa sọ ní ìrọ̀lẹ́, ní ohùn ẹni tó sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó ti fi ohùn ìyá rẹ̀ pè mí rí, mo ń jẹ́ "Mò ń bọ̀ o!" láti ẹ̀yìnkùlé, kò mà sí ìyá rẹ̀ nílé rárá. Kì í fẹ́ wo ojú èèyàn. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun lọ́rùn. Ohunkóhun tó bá ń yí ló fẹ́ràn, ìbáà ṣe ìdérí ìkòkò, ìbáà ṣe táyà kẹ̀kẹ́. Dókítà kan tó wá sí ilé ìwòsàn wa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní àrùn kọ́, èpè kọ́, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ó ní ọ́tísímù ni wọ́n ń pè é, ó ní irú rẹ̀ pọ̀ káàkiri ayé.

Ìyá Kwamena ní, "Dókítà, kí ni ká máa fún un mu?"

Dókítà ní, "Ìyá, ẹ máa fún un ní sùúrù."

Gbogbo àwọn tó ní ọkọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wa, òkun máa ń sinmi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnikẹ́ni kì í lọ pẹja. Ọkọ̀ á tò sórí iyanrìn, Kwamena á sì máa ti ìdí ẹ́ńjìnnì kan bọ́ sí ìdí òmíràn. Kò ba nǹkan kan jẹ́ rí. Bí ẹnì kan bá gbàgbé okùn tàbí bàtà sílẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà títí ẹni tó ni ín á fi wá gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀rọ̀ tó dá wàhálà sílẹ̀. Ní èdè wa, ọmọdé kì í dá àgbà lóhùn lásán. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé, *mepa wo kyɛw*. "Mo bẹ̀ yín" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ bu omi mu, mo bẹ̀ yín. Bí àgbà bá pè ọ́, mo bẹ̀ yín, èmi nìyí. Bí o bá sì ṣẹ̀, tí o fẹ́ kí wọ́n dárí jì ọ́, mo bẹ̀ yín yìí kan náà ni. A ò ní òmíràn. Ohun tí a fi ń bọ̀wọ̀ fúnni la fi ń tọrọ àforíjì.

Ní ọjọ́ kan, Egya Otoo tó ń hun àwọ̀n béèrè nǹkan lọ́wọ́ Kwamena, Kwamena sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sí i lójú. Bàbá náà gbá a létí, ó pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Araba kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà yẹn. Ó sunkún títí, ó wá nu ojú nù, ó gba ẹ̀pà lọ́wọ́ mi, ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi àgbọn.

"Bùrọ̀dá, bí àgbà bá bi yín ní nǹkan, ẹ ní, 'Mo bẹ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ni.' Ẹ sọ ọ́."

"Ẹ sọ ọ́."

"Rárá o. 'Mo bẹ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ni.'"

Bí ó bá sọ ọ́ bó ṣe yẹ, ẹ̀pà kan. Bí ó bá sọ ọ́ bó ṣe yẹ, ẹ̀pà kan. Gbogbo ìgbà òjò ọdún yẹn ni wọ́n fi ṣe é. Ọjọ́ tí Kwamena sọ ọ́ fún Egya Otoo láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an létí, bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì ju ẹja ńlá kan sí i. A jó lọ́jọ́ náà! Mo gbé Araba sókè, mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti gba ẹ̀gbọ́n rẹ là."

Nígbà tó yá, Araba wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ girama ńlá kan tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà, láàárín àwọn ọmọ tí bàbá wọn ní mọ́tò àti hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n bi í pé ọmọ mélòó ni ìyá rẹ̀ bí. Ó ní òun nìkan ni. Irọ́ kékeré ni lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ti gba iṣẹ́ ìṣọ́, kò ní lè sùn mọ́. Nígbà tí ìsinmi àárín sáà dé, tí Baaba àti Jemima ní àwọn fẹ́ wá ya fọ́tò láàárín ọkọ̀ ìlú rẹ̀, kò mọ bí yóò ṣe ní kí wọ́n má wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni wọ́n mú.

Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Àwọn olè ti ń jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ káàkiri etí òkun lásìkò yẹn, àwọn ọlọ́pàá sì wá láti ìlú ńlá. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọdé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, rí Kwamena nídìí ẹ́ńjìnnì.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀," Kwamena dáhùn. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára abẹ̀bẹ̀.

"Èmi lò ń bi?"

"Èmi lò ń bi."

Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ọlọ́pàá náà rò pé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọmọ kéékèèké. Ó rá ọrùn aṣọ Kwamena mú láti ẹ̀yìn. Kwamena kígbe, ó ju apá, fìlà ọlọ́pàá ṣí bọ́ sílẹ̀. Kí ó tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí iyanrìn, orúnkún wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló mọ ọmọ yìí?" ọlọ́pàá náà pariwo. "Ta ló ni ín?"

Àwọn ọmọ oníbọ́ọ̀lù ti fẹsẹ̀ fẹ. Àwọn àgbà ò sí nítòsí, torí pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni gbogbo wọn máa ń pé sí ilé olórí apẹja láti parí ìjà ọ̀sẹ̀. Ẹni tó kù létí òkun tó lè dáhùn ò ju ẹnì kan lọ.

Baaba fi ìgbọ̀nwọ́ ta á. "Araba, ìwọ lọmọ ìlú. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Ọlọ́pàá náà gbọ́, ó kọjú sí i. "Ọmọdébìnrin, o mọ̀ ọ́n?"

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Kò tó èémí kan. Ṣùgbọ́n Araba wo Baaba, ó wo Jemima, ó rántí irọ́ tó pa.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ló sọ. "Mi ò mọ̀ ọ́n rárá."

Ẹyin lohùn. Wọ́n gbé Kwamena jù sẹ́yìn ọkọ̀ wọn bí ẹni gbé àpò ẹja. Araba ní òun ò mọ̀ bóyá ó wo ọ̀dọ̀ òun, torí pé òun ò jẹ́ kí ojú òun dé ibẹ̀.

Nígbà tó sin àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọkọ̀ tán, ó sáré wálé. "Ìyá mi! Wọ́n ti mú Bùrọ̀dá!" Kò sọ èyí tó kù. Èmi àti ìyá rẹ̀ da omi síná, a ò tilẹ̀ ṣan ọwọ́, a gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Sájẹ́ǹtì tó wà nídìí tábìlì kò le lójú. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó fún wa ní àga.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ọmọ yín ti jẹ́wọ́."

"Kwamena?" ni mo ní. "Ẹnu wo ló fi jẹ́wọ́?"

"Mo bi í pé, ìwọ lo jí àwọn ẹ́ńjìnnì yìí? Ó ní, 'Mo bẹ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ni.' Mo ní, ìwọ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ? Ó ní, 'Mo bẹ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ni.' Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ fẹ́ kí n bi í? Ẹni tí kò ṣẹ̀, kí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

Ìyá Kwamena ti kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, bó ṣe ń dá àgbà lóhùn nìyẹn. A kọ́ ọ ni. Àbúrò rẹ̀ ló kọ́ ọ. Araba, sọ fún wọn!"

Araba lanu. Kó tó sọ̀rọ̀, ọlọ́pàá kékeré yẹn yọjú láti inú yàrá. "Ọ̀gá, ọmọ yìí wà létí òkun. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n."

Ìyá rẹ̀ yí ojú sí i. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo mi báyẹn láyé mi.

"Ẹ̀rù ló bà mí," ni Araba wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi ni."

Sájẹ́ǹtì ní kí wọ́n mú Kwamena wá sẹ́nu irin àtìmọ́lé. Ó ti bọ́ bàtà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dí etí. "Ọ̀dọ́kùnrin," ni Sájẹ́ǹtì wí, "ọmọbìnrin yìí, ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Ohùn tó jáde lẹ́nu Kwamena kì í ṣe ohùn rẹ̀. Ohùn Araba ni, tẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé ńlá ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ̀ ọ́n rárá."

Sájẹ́ǹtì na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ máa lọ. Ẹ lọ fi irọ́ yín jẹ ẹ̀kọ kẹ́ńkè."

Ní gbogbo ọ̀nà, ìyá Araba kò bá a wí, kò gbá a, kò bú u. Èmi ni mo bú u. Mo ní, "Ọmọ ẹni kì í burú títí, ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Báwo ni ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe burú tó, tí o fi lé e fún ẹkùn?"

Olórí apẹja lọ bẹ̀ wọ́n ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ní ọkọ̀, àti Egya Otoo tó ti gbá ọmọ náà létí rí. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, ẹjọ́ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn, ó di iwájú adájọ́.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Nígbà tí wọ́n mú Kwamena wọlé, mi ò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ̀ wú. Wọ́n fi àkísà di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Adájọ́ obìnrin kan ló jókòó, obìnrin tó ti dàgbà. Wọ́n ka ẹ̀sùn, ògbufọ̀ sọ ọ́ ní èdè wa, ó sì bi Kwamena bóyá ó jẹ̀bi.

"Mo bẹ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ni."

"Irọ́ ni!"

Araba ti dìde. Ọlọ́pàá méjì kọrí sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi ni! Èmi ni mo kọ́ ọ! Bí ẹ bá bi í pé òun ló pa bàbá wa tó rì sómi, ohun tó máa sọ náà nìyẹn!"

Adájọ́ gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ, wá síbí, sọ̀rọ̀ yékéyéké."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ẹ̀pà, ó sọ ti irọ́ tó pa nílé ìwé, ó sọ pé òun sẹ́ ẹ̀gbọ́n òun lójú àwọn ọ̀rẹ́ òun. Ilé ẹjọ́ kún fọ́fọ́, kò fi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tó parí, adájọ́ yíjú sí Kwamena.

"Kwamena Essuman, ṣé ìwọ lo kọ́ ilé ẹjọ́ yìí?"

"Mo bẹ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ìwọ lo bí mi lọ́mọ?"

"Mo bẹ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wo Sájẹ́ǹtì títí. "Ìjẹ́wọ́ tí ẹ gbé wá bá mi rèé?" Ó tú ẹjọ́ ká, ó ní kí ìyá rẹ̀ máa mú un lọ sílé.

Ibi tí ìtàn mìíràn ti ń parí nìyẹn, tí wọ́n á jó, tí wọ́n á yọ̀. Tiwa ò parí síbẹ̀.

Ẹnì kan tí wọ́n jọ wà ní àtìmọ́lé sọ fún wa. Ó ní pípàtẹ́wọ́ tí Kwamena ń pàtẹ́wọ́ kò jẹ́ kí àwọn tó kù sùn, ni wọ́n bá lù ú. Wọ́n tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìka rẹ̀ ṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń lù ú, ó ń ké "Mo bẹ̀ yín, mo bẹ̀ yín," àwọn ọlọ́pàá tó wà níta ń gbọ́, ẹnikẹ́ni kò dìde. Dókítà di ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n kò tò mọ́. Àwọn olè gidi, ìlú mìíràn ni ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n. Rédíò la ti gbọ́. Kò sí ọlọ́pàá kan tó wá sí àgbàlá wa, kó wo ojú ìyá yẹn, kó sọ fún un pé, mo bẹ̀ yín.

Kwamena kò lọ sétí òkun mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun á dé, ọkọ̀ á tò, ẹ́ńjìnnì á sinmi, ẹ̀yìn ààrò wa ló máa jókòó sí. Bí o bá bá a sọ̀rọ̀, kì í sọ ọ́ padà mọ́. A ti ń wá ọ̀nà láti jẹ́ kó dẹ́kun àsọpadà yẹn látìgbà èwe rẹ̀. Ní báyìí, mi ò mọ ohun tí mi ò lè fún èèyàn, kí n kàn gbọ́ "Ṣé o ti jẹun" lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí Araba gba ìsinmi, ó ti sọ òtítọ́ fún Baaba àti Jemima. Àwọn méjèèjì sunkún, wọn ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó wá mọ̀ nígbà náà pé ìtìjú tí òun torí rẹ̀ ta ẹ̀gbọ́n òun kò tilẹ̀ sí níbì kankan. Ó wọlé, kò jẹun, kò mu omi. Ó lọ sẹ́yìn ààrò, ó kúnlẹ̀ síwájú Kwamena.

"Bùrọ̀dá mi," ló wí, "*mepa wo kyɛw*. Mo bẹ̀ yín."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ etí Kwamena, ó ká jọ mọ́ ògiri. Ó fi apá méjèèjì bo orí, ó ń gbọ̀n, ó ń dúró kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú.

Araba sún sẹ́yìn. Ó gbìyànjú ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ohùn tí a fi ń rẹ ọmọ ọwọ́ lẹ́kún. Bákan náà ni. Ìyá wọn ní kó má sọ ọ́ mọ́, torí Ọlọ́run.

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí pa òwe fún yín. Bí ẹ bá ní ẹbí tí kò rí bíi ti ẹlòmíràn, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, lójú ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Ojú tó bá tì yín yóò kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin tí ẹ ó sì di ọlọ́pàá àti adájọ́ lọ́la, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ ló jẹ̀bi. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó mọ ohun tó sọ.

Araba wà lẹ́yìn ààrò báyìí. Ó jókòó jìnnà díẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó pa ẹnu mọ́. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní tí a fi ń bẹ èèyàn nílùú wa.